Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ló Gbé Bàbá Mi Ṣubú, Kì í Ṣe Ọtí

Bàbá Àgbà mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì wa ní Houston níbí kí n tó mú bírò. Ìyá Àgbà ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́? Ooru ibí ò yàtọ̀ sí ti ilé, àfi pé a kì í rí ẹni bá ráhùn nípa rẹ̀.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ Yorùbá yìí. Bàbá mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ní kí wọ́n kà á sókè níbi àdúrà òwúrọ̀ yín, kí gbogbo ilé gbọ́.

A gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní ẹnìkan kọ̀wé wálé láti ibí pé ọmọ yín ti di ọ̀mùtí, pé ó ṣubú lójú gbogbo èèyàn. Ẹ ní kí ọ̀mùtí má tẹ ilé yín. Bàbá mi pa rédíò. Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi.

Dókítà ló fún bàbá mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi ni mo lọ gbà á. Obìnrin tó ń ta oògùn kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá ń lò ó, tó bá dùbúlẹ̀, tó wá dìde lójijì, òòyì máa kọ́ ọ. Kó kọ́kọ́ jókòó ná. Mo jíṣẹ́ náà délé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé òyìnbó ló máa wá kọ́ àwọn bí èèyàn ṣe ń dìde nílẹ̀ ni.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Stafford, ìlú kan nítòsí wa níbí, àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa wọlé. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja tàwọn ti kóòtù tí wọ́n wọ̀, bí ẹ ṣe kọ́ wọn. Àgbàlagbà náà ní ó tó, kí wọ́n dìde. Wọ́n dìde kíá, wọ́n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n ṣubú lu tábìlì. Ẹnìkan pariwo pé ẹ wo Díákónì wa o, àbí ẹlẹ́rìndòdò náà ti ń pa èèyàn bí ọtí ni? Ni ilé bá hó fún ẹ̀rín. Àwọn tó sùn lórí àga wa fún oṣù mẹ́ta nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ẹyọ ẹnì kan ò béèrè pé ṣé ara bàbá mi yá. Bàbá mi náà ò ṣàlàyé. Wọ́n ní àìsàn kì í ṣe ẹ̀gbà ọrùn tí èèyàn ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

Bàbá Àgbà, láti ọjọ́ tí a ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yín, bàbá mi ò lo oògùn náà mọ́. Igo rẹ̀ ò dín. Dókítà ti sọ pé tí wọ́n bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ yẹn lè pa wọ́n lójijì. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó sàn kí ẹ̀jẹ̀ ru ju kí àwọn ṣubú níwájú bàbá àwọn lọ. Mo ní kí wọ́n kúkú máa kí àgbà lórí ìdúró. Wọ́n wò mí bíi pé mo bú yín.

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ tètè gbà á gbọ́ jù. Kásẹ́ẹ̀tì yín ló gba oògùn lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi òmíràn dá a padà. Ẹ ní kí wọ́n gbé e mì, kí wọ́n sì máa bọ̀ wálé.

Tí wọ́n bá dé, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ má tètè ní kí wọ́n dìde. Ẹ ki oríkì wọn, kó gùn. Ẹ súre, kí ẹ tún súre. Tí wọ́n bá wá gbórí sókè, ẹ ní kí wọ́n jókòó lẹ́sẹ̀ yín ná.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti gbogbo ilé. Ẹni tó kọ̀wé sí yín, èmi ò kí i.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀,
Adérónkẹ́