Bàbá Ìbejì, Ẹ Jẹ́ Kí N Gbé Ìgò Yìí Kalẹ̀

Bàbá Ìbejì, ọdún mẹ́rin ló pé lónìí tí mo ti ń dá sùn, tí mo ń dá jí. Ọdún mẹ́rin! Ó ti rẹ̀ mí, olówó orí mi. Ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ kí n tó sọ ohun mìíràn, torí ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ilé tí ẹ kọ́ dé ojú fèrèsé ti parí, a ti ń gbé inú rẹ̀. Èyí obìnrin nínú àwọn ìbejì ti di ìyá ọmọ, imú yín gan-an sì ni ọmọ náà gbé wá sáyé. Èyí ọkùnrin ti di nọ́ọ̀sì. Yàrá tí ẹ ní a ó fi gba àlejò, ibẹ̀ ni mo ti ń tọ́jú ìgò yín títí di oṣù tó kọjá, lórí tábìlì tí oòrùn ò lè dé.

Ìgò yín! Ẹ ò fi góòlù sílẹ̀ fún mi, ẹ ò fi mọ́tò sílẹ̀, bakitéríà lẹ fi sílẹ̀. Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, tí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn yọ lára gbòǹgbò koríko etí òkun. Ẹ ń pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ yín, ẹ ní wọn kì í béèrè owó oṣù. Òótọ́ ni, oúnjẹ ni wọ́n ń béèrè! Bí mi ò bá se omi oúnjẹ tuntun, kí n jẹ́ kó tutù, kí n bu wọ́n sínú rẹ̀, kíkú ni wọ́n á kú. Mi ò lè pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ, mi ò tiẹ̀ lè ṣàìsàn kí n dùbúlẹ̀.

Ẹ mọ bí oko ṣe rí lẹ́yìn tí òkun ya wọ̀ ọ́. Iyọ̀ funfun lórí ilẹ̀, etí ewé tòmátì ń jó bíi bébà. Àwọn ará àdúgbò ń palẹ̀ mọ́, ẹ̀yin ní a ò lọ síbì kankan. Ẹ ní àwọn òṣìṣẹ́ yín ò ní kó iyọ̀ kúrò o, ṣùgbọ́n wọ́n á bá gbòǹgbò gbé, wọ́n á ràn án lọ́wọ́ kó lè fara da iyọ̀. Aládùúgbò wa tí ẹ sọ ní Alátakò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ wo ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ sin kòkòrò! Tòmátì tí ẹ fi àwọn òṣìṣẹ́ yín gbìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó nígbà tí ọkàn yín daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì wa wálé wá ràn mí lọ́wọ́. Ike ńlá tí a ó da àwọn òṣìṣẹ́ sí, tí a ó máa ki gbòǹgbò ọ̀gbìn bọ̀ kí a tó gbìn ín, ó fi òògùn apakòkòrò ilé ìwòsàn fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní! Kò sí òṣìṣẹ́ kan tó yè, gbogbo oko jó mọ́lẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé kòkòrò ló ń pa jẹun, kí la retí? Ó sunkún bí ọmọdé. Èmi ń rẹ́rìn-ín sí i, mo ń nu omijé rẹ̀ nù. Ọpẹ́lọpẹ́ ìgò kan tó kù nílé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá a ṣe. Ó sì so, Bàbá Ìbejì! Ó so! Kí n má purọ́, kò pọ̀ tó ti ilẹ̀ tí kò níyọ̀, èso rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ó pọ́n, ó dùn. Ti Alátakò ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Lóṣù tó kọjá, ó wá jókòó lọ́dọ̀ mi, ó ń wolẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ti ń di ẹrù, àwọn ò sì mọ ibi tí àwọn ń lọ. Ó ní ṣé mo lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo kó gbogbo rẹ̀ fún un: ìgò, ike, àti oko kó máa bá wa dá a. Ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ fárí gá, wọ́n ní ìgò yẹn nìkan ló kù tí ẹ fi wà nínú ilé. Èmi náà ti gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ó tó gẹ́ẹ́. Mò ń lọ bá èyí obìnrin gbé ọmọ, màá sì sinmi.

Àwọn èèyàn ń tù mí nínú, wọ́n ní ẹ ò kú, wọ́n ní ẹ wà nínú gbogbo tòmátì tó bá pọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tòmátì kì í bá mi jà nítorí rédíò, kì í pè mí ní Ìyá Ìbejì láti ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ yín yọrí, olówó orí mi. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o! Mo nífẹ̀ẹ́ yín, àárò yín ń sọ mí lójoojúmọ́. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ tòmátì.