Ta Ló Ni Àjọ̀dún Fíìmù Yìí?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ń le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òrùlé yàrá rẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jò? Kí Ọlọ́run tó mọ ilé rẹ jù mí lọ bá mi máa ṣọ́ ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ lójú pópó, kí ọ̀gá rẹ má rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti pè ọ́ lọ́mọ. Máa rín in lọ. Nígbà tí àwọn òbí wa kú, tí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ fún mi, tí orí rẹ kò tíì kọjá ìbàdí mi, èmi náà kò tíì ní irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n bàbá ni mo jẹ́ fún ọ, ìyá náà ni mo sì jẹ́. Kì í ṣe lásán ni gbogbo abúlé ń pè mí ní Bàbá Kékeré.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Adìyẹ rẹ pupa ti pamọ, inú àpótí irinṣẹ́ mi ló kó wọn sí, n kò lè mú òòlù kó má ṣá mi lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí o ní kí n tún ṣe, n kò tíì tún un ṣe. O kúkú mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé káfíńtà ni kì í pa dé.

Ọ̀rọ̀ tí mo jókòó tì gan-an ni ti àlejò tí ẹ rán sí wa. Dírẹ́bà tó gbé e wá ti sọ fún mi pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dára lọ́dọ̀ wa, ìwọ ni ọ̀gá yín máa fi ṣe olórí àwọn tó ń gbé fíìmù káàkiri abúlé, tí wọ́n á sì máa kọ́ àwọn èèyàn lédè níbẹ̀. Bí kò bá sì dára, wọn kò ní gbé fíìmù kúrò nígboro mọ́. Nítorí náà, kí ẹlòmíràn tó sọ fún ọ, gbọ́ ọ lẹ́nu mi: díẹ̀ ló kù kí n bà á jẹ́.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù ló fà á. O kí mi, mo dáhùn. O ní ṣé mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹ. Kí n tó sọ ohun tí mo jẹ, o ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. O ní àjọ̀dún fíìmù ń bọ̀ lábúlé, kí n gba àlejò dáadáa. Mo ní dúró ná, àjọ̀dún báwo? O kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni gbọ́, o kàn ń rọ̀jò ọ̀rọ̀ lọ. Inú bí mi. Mo ní èmi tí mo pọ̀n ọ́ lẹ́yìn, èmi lò ń da ọ̀rọ̀ bò mọ́lẹ̀ báyìí, ni mo bá pa fóònù, n kò sì bá ọ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ṣeé ṣe kí o má tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń bá ọ bínú. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti tán ni tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ṣàlàyé fún mi pé ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kì í gbọ́ èsì. Mo ní kí ló wá dé tó ń béèrè bóyá mo ti jẹun?

Ṣé o rí i, ìparí ọ̀rọ̀ yẹn lo ti sọ ohun tí àjọ̀dún náà jẹ́, n kò sì dé ibẹ̀. Èmi ní tèmi, Yorùbá ni mo gbọ́. Kí ọdún yí po lórí nǹkan, òun là ń pè ní àjọ̀dún. Mo bá sọ fún gbogbo abúlé pé fíìmù kan pé ọdún kan, pé ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá ṣe ọdún náà lọ́dọ̀ wa. Tíṣà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní àpéjọ ni, tí àwọn èèyàn oríṣiríṣi ilẹ̀ ń gbé fíìmù wọn wá, tí onílé á gbọ́ èdè àlejò, tí àlejò á kọ́ èdè onílé. Mo ní tíṣà, ìṣirò lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ fún àwa tí a ń sọ ọ́. Bí ọdún kò bá yí, níbo ni àjọ̀dún ti wá? Ó kó ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé mo ti borí rẹ̀ ni, àṣé ọ̀rọ̀ mi ló sú u.

Bí ọkọ̀ wọn ṣe dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́, a ti tò síbẹ̀ nínú aṣọ tó dára jù tí a ní. Obìnrin àgbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun sọ̀ kalẹ̀, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Òun ló ṣe fíìmù náà, ó sì wà lára àwọn àlejò tí ò ń kọ́ ní Yorùbá. Mo tẹríba, mo ní ẹ kú ọdún o, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Inú rẹ̀ dùn, òun náà ní ẹ kú ọdún. O ti kọ́ ọ pé kò sí ohun tí Yorùbá kì í kí èèyàn fún, ó sì gbà ọ́ gbọ́ pátápátá, torí ó kí èmi ní ẹ kú ìdúró, ó kí àwọn àgbà ní ẹ kú ìjókòó, ó kí adìyẹ tí ìyàwó alágbẹ̀dẹ fẹ́ fi ta á lọ́rẹ ní ẹ kú ìdè, torí a ti so ó lẹ́sẹ̀.

Bíríkìlà fún un ní aago ògiri tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Òun náà bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi fún ìyá tó dàgbà jù láàárín wa, ó ní ẹ kú ọdún. Àṣé ó rò pé ọdún abúlé wa ni òun já lé lórí, àwa sì rò pé ọdún tirẹ̀ ni. À ń kí ara wa, à ń ta ara wa lọ́rẹ, kò sí ẹnì kankan tó lọ́dún. Ìgbà tó yá, ó sọ fún dírẹ́bà pé kò yẹ kí àwọn wá fi fíìmù dí onílé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún wọn, kí wọ́n máa padà. Dírẹ́bà ṣíná ọkọ̀. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ní ṣé òun kò sọ, ó ní adìyẹ náà ti rù jù. Tíṣà kàn wò mí, n kò sì lè gbàgbé ojú yẹn títí láé. Mo sáré lọ dúró níwájú ọkọ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo pariwo pé kò sí ọdún níbì kankan, pé èmi ni n kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí dírẹ́bà túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò gba ìborùn rẹ̀ padà, ìyá àgbà náà kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá a padà.

Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri kíláàsì. Èdè ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà, Yorùbá tí o kọ wà nísàlẹ̀. Torí àwọn àgbà tí kò mọ̀wé, tíṣà ní kí òun máa kà á sókè. Mo ní rárá o, àbúrò mi ló kọ ọ́, èmi ni mo máa kà á. O mọ bí mo ṣe ń kàwé, bí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ igi tútù. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ ọkọ, ìyàwó ti ń sọ̀rọ̀, ni ọ̀rọ̀ ọkọ bá ń jáde lẹ́nu ìyàwó, ti ìyàwó sì ń jáde lẹ́nu ajá wọn. Ìyá àgbà ní òun kò mọ̀ pé ajá ilẹ̀ wọn máa ń ráhùn nítorí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó yẹn kú, ọmọbìnrin wọn lọ sígboro, ó wá ku bàbá nìkan nínú ilé tí yìnyín bò. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó fa àga kan síwájú ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó lórí rẹ̀, ó ń wò ó. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a kọ sísàlẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí ló sọ, mo ní kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní irọ́ ni, ètè rẹ̀ ń mì, bó bá ti rẹ̀ mí kí n gbé e fún tíṣà. Tíṣà tí wọ́n dárúkọ yẹn ló bí mi nínú. Mo bá ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní ó ní, ọmọ yìí, adìyẹ rẹ ti pamọ, n kò tíì tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe, ìgbà wo lo máa wálé?

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ tíṣà mọ́. Bẹ́ẹ̀, kò sí adìyẹ nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nígbà tí wọ́n tanná, obìnrin náà bi dírẹ́bà pé kí ni mo kà níbi tí òun kò kọ nǹkan kan sí. Dírẹ́bà sọ fún un. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá ti wọlẹ̀. Ó wá bá mi, ó di ọwọ́ mi mú, mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri nínú gbogbo ohun tí o kọ́ ọ, ó wá ní, ẹ kú àga òfìfo. Ẹ̀rín ti dé ọ̀fun àwọn ọ̀dọ́, torí a kò kí èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó fi ìborùn sọ́rùn, tí ọmọ tirẹ̀ ti pẹ́ tí kò wálé, dáhùn láti ẹ̀yìn, ó ní òo, ẹ kú tiyín náà. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àlejò wa pé kí ni wọ́n ń pe àga lédè tiwọn. Ó sọ ọ́, alágbẹ̀dẹ pè é tẹ̀lé e, obìnrin náà ní ohun tí alágbẹ̀dẹ pè yẹn kì í ṣe àga, kò sì gbà láti sọ ohun tó jẹ́. A wà níbẹ̀ títí.

Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìdàrúdàpọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, tèmi ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ rẹ ló kù díẹ̀ káàtó. Sọ pé gbogbo abúlé ní kí wọ́n gbé fíìmù kan náà padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí ìwọ fúnra rẹ kó wọn wá. Ìgbà yẹn ni fíìmù náà máa pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Àjọ̀dún nìyẹn! Tíṣà á wá mọ̀ pé èmi ni mo jàre, pé mo kàn tètè dé ni.

Ní ti owó, mo nílò díẹ̀ fún pákó àti fáníṣì. Má fi í sínú báńkì inú fóònù. Ti ìjelòó, wọ́n ní ó ti wọlé, mo tú fóònù tinú tẹ̀yìn, mo yọ bátìrì, n kò rí nǹkan kan. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Àga kan ni mò ń ṣe, ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti dúró, torí n kò mọ bí o ṣe ga tó mọ́.

Kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ má gbàgbé ọ̀nà ilé. Kí ahọ́n tí o fi ń kọ́ni má wúwo, kí o rí ẹni dá ọ lóhùn níbi gbogbo tí o bá ti kí èèyàn.

Èmi ni,
Bàbá Kékeré, káfíńtà,
ẹni tó máa jàre lọ́dún tó ń bọ̀.