Orí Yẹ́lò Tí Wọ́n Gbé Lé Àbúrò Rẹ Lọ́rùn

Ọmọ mi àkọ́bí,

Bí ìwé yìí ṣe ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò pa ọ́ lára, pé àwọn tí ẹ jọ ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà kò sọ ọ́ di ẹrú wọn. Bàbá rẹ wà, orúnkún ni kò jẹ́ kó gbádùn, ó ní àtẹ̀gùn ilé wa ló ń ga sí i lójoojúmọ́. Èmi náà wà nídìí búrẹ́dì tí mò ń dì, ìyẹ̀fun ti sọ irun mi di ti arúgbó láìtọ́jọ́.

Ẹkún rẹ ló mú mi kọ ìwé yìí. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi gba iṣẹ́ tí ilé-ìwé bá rán látìgbà tí fóònù tèmi ti bọ́ sínú bàkẹ́ẹ̀tì omi. Ó fi hàn mí pé nígbà tí òun fi fọ́tò àbúrò rẹ ránṣẹ́ sí ọ, ojú mẹ́ta ni o fi dáhùn, gbogbo wọn la ẹnu gbàgà, omi ń dà lójú wọn pòròpòrò. Mo ní ọmọ mi mọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Jọ̀wọ́, nu omi ojú rẹ nù, màá ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, torí mi ò lè sọ ọ́ sínú fóònù ẹni ẹlẹ́ni kí gbogbo oníbàárà máa kà á bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ilé-ìwé wọn parí ọdún. Àbúrò rẹ, tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ọṣẹ lọ́dún tó lọ, òun ló gba ẹ̀bùn ìwé kíkà fún gbogbo kíláàsì kẹta. Ó dúró níwájú àwọn òbí, ó ka odindi ojú ewé kan tán bí ẹni tí kò ní í mí mọ́, mo sì sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni tíṣà wọn ya gbogbo kíláàsì ní fọ́tò. Àbúrò rẹ ló wà láàárín gan-an, ó gbé ìwé ẹ̀bùn rẹ̀ sáyà.

Lọ́jọ́ kejì ni ìròyìn ilé-ìwé dé sórí fóònù aránṣọ. Wọ́n ní tí sáà tuntun bá dé, kíláàsì kẹrin á ní tíṣà méjì, wọ́n á kun yàrá ìkàwé, pátákó kan sì ń bọ̀ tí àwọn ọmọ á máa fi ìka lásán kọ̀wé sí. Ẹ wá wò ó, ọmọ tí mo lo ọdún méjì kọ́ pé kó yé fi ìka kọ nǹkan sára ògiri. Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Ìsàlẹ̀ ni fọ́tò wà. Ọmọ mọ́kànlélógún ni wọ́n, ogún ló wà pẹ̀lú ojú àti imú tí Ọlọ́run fún wọn. Tèmi nìkan ni wọ́n gbé orí yẹ́lò roboto lé lọ́rùn, kò ní irun, kò ní etí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí nǹkan tí wọn ò rí i mú.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi itọ́ sí ìka, mo fi nù ún, orí náà wú, ó gba gbogbo ojú fóònù. Mo fi etí aṣọ mi nù ún, ó tún wú sí i. Aránṣọ gba nǹkan rẹ̀, ó ní kí n má ba òun lọ́jà jẹ́. Ó wá ń tù mí nínú pé kí n má bínú, pé igba èèyàn ó lé mẹ́fà ló ti na àtàǹpàkò sí i. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́jọ fi ṣe igba èèyàn tí wọ́n fi ń na ìka sí i? Mo ní kó ka orúkọ wọn fún mi kí n mọ ọ̀tá mi, ó ní òun náà wà níbẹ̀. À ń kí ara wa o, ṣùgbọ́n kò tíì dà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ká ní ó mọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá gbé e mì. Àmọ́ àwọn ọmọ àdúgbò rí fọ́tò náà, wọ́n ń pe àbúrò rẹ ní Orí Ọsàn. Ọmọ tí kì í jẹ́ ká sinmi tó bá ti gbé ìwé dání, ó ti ìwé ẹ̀bùn bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò lọ síbẹ̀ mọ́, kí n wá ilé-ìwé mìíràn fún òun tàbí kí n mú òun dání lọ máa di búrẹ́dì. Ọjọ́rú ni ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó ń padà bọ̀ sì máa parí, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé lọ tìyẹ̀fun tìyẹ̀fun. Mo ní tó bá jẹ́ pé orí yẹ́lò ni ilé-ìwé ń pín, kí wọ́n pín in kárí. Ọ̀gá ní kí n jókòó, mo ní mi ò bá ti ìjókòó wá. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ìwé ọwọ́ mi ni. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ṣé mo fara mọ́ ọn kí àwòrán ọmọ mi jáde sójú ayé, èmi ni mo sì sàmì sí rárá, lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fọwọ́ sí i. Mo rántí. Rédíò ló sọ lọ́jọ́ náà pé àwọn kan ń jí àwòrán ọmọdé, ìyá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní í kọ rárá? Mo ní mo sọ pé kí wọ́n má gbé e síta, mi ò sọ pé kí wọ́n gé e lórí. Ọ̀gá ní wọn ò gé e, wọ́n bò ó ni. Mo ní kí wọ́n bo ti ọmọ tiwọn náà ká wò ó. Èmi tí mo ka sẹ́kọ́ńdìrì parí, ṣé wọn ò lè ránṣẹ́ pè mí ká jọ fẹnu sọ ọ́ ni?

Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ yọ, kí n sàmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi, rò ó wò ná. Tí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ayé á rí i, tí mo bá fi í sílẹ̀ ní rárá, ilé-ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sàmì sí bẹ́ẹ̀ ni, mo wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gá kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àti rárá nìkan ló wà nínú fọ́ọ̀mù, kò sí àyè fún ṣùgbọ́n. Mo ní èmi ti wá àyè fún un. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Kí n tó délé, wọ́n ti tún fọ́tò kíláàsì náà fi ránṣẹ́. Àbúrò rẹ ní òun ò wò ó, mo fà á lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ aránṣọ. Orí yẹ́lò ti lọ lóòótọ́. Ọmọ di ojú pa, ẹnu rẹ̀ là bíi ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi. Ó wo ara rẹ̀ títí, ó ní màámi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dá orí yẹ́lò mi padà. Lòun àti aránṣọ bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ara wọn mú. Kí n tó mọ̀, ó ti wọlé lọ fa ìwé ẹ̀bùn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹni tó bá ti rí fọ́tò yìí, kí ló tún kù tó fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. A forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún kíláàsì kẹrin lọ́jọ́ kejì.

Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ta ló ń ya ọmọ ní fọ́tò láì sọ fún un pé kó la ojú? Tí sáà tuntun bá wọlé, ìyẹn ni màá kọ́kọ́ bá wọn sọ, kí n tó dé orí pátákó oníka wọn.

Torí náà, bá mi wá owó díẹ̀ kí n mú un lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò ìsàlẹ̀ títì, ẹni tó máa ń ka ení, èjì kó tó tẹ nǹkan rẹ̀, kó ya àbúrò rẹ àti ìwé rẹ̀, kí ojú méjèèjì là. Fi ti bàtà ilé-ìwé lé e, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọjú nínú ti ọdún yìí, kí o sì fi ti òògùn orúnkún bàbá rẹ sí i. Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá ni kí o fún, má gba orí fóònù aránṣọ fi í ránṣẹ́, kí igba èèyàn má baà na ìka sówó.

Ọlọ́run á dáàbò bò ọ́ níbi tí mi ò sí. Wọn ò ní í fi ẹlẹ́gbẹ́ rẹ bò ọ́ mọ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń wo àwọn tó yege, ojú rẹ á hàn láàárín wọn, á sì là kedere.

Èmi ni ìyá rẹ.