Ọmọ Tí A Fẹ́ Mú Bọ̀ Láti Camp-Perrin

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Keje, 2014

A ti dé Camp-Perrin. Gbogbo ara ń ro mí. Màmá ti sùn. Bàbá ń tú àpótí wò bóyá ọṣẹ tí a kó wá ti yọ́ sára Bíbélì. Ó ti yọ́.

Mo ti pinnu: èdè wa, èdè Haiti, nìkan ni n ó fi kọ ìwé yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní Haiti lọ sí Miami. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá fi èdè wa bá mi sọ̀rọ̀, ti òyìnbó ni mo fi ń dáhùn. Ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo bá ṣì í kọ, kò sẹ́ni tí yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí.

Àwọn ọmọ Ilé Orísun Ayọ̀, ilé ọmọ aláìlóbìí tí ìjọ wa wá ràn lọ́wọ́, tò sẹ́nu géètì, wọ́n kọrin káàbọ̀ fún wa. Lẹ́yìn orin, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn: "Òyìnbó dúdú ni tọ̀tẹ̀ yìí." Inú bí Bàbá. "Èmi ni òyìnbó? Ìlú Okay níbí ni wọ́n bí mi sí!" Ọmọ kan wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Okay náà ni wọ́n ti ń ta irú bàtà yẹn?"

Bàbá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Keje

A ń kun ògiri yàrá ìjẹun. Àwọ̀ ìyeyè. Búlúù ló wà lábẹ́ ìyeyè, àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ búlúù. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Wideline fi ìṣó ha á kó lè fi hàn mí. Ọmọ ọdún méje, eyín iwájú ti ká, ọ̀rọ̀ ń gba ojú àlàfo náà jáde bí atẹ́gùn. Àwọ̀ ewé: àwọn ará ìjọ kan tó ga ló kùn ún. Búlúù: àwọn ará ìjọ tó máa ń sunkún. Mo bi í pé àwa ńkọ́. Ó ní: "Ẹ̀yin ò tíì ṣe nǹkan kan."

Ó ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Keje

Màmá gbé Wideline sórí ẹsẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti orin àkọ́kọ́ títí dé oore-ọ̀fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje

Mò ń fi ìkánjú kọ èyí. Ayọ̀ ni.

Agboòrùn — ìyẹn Màdáámù Odile tó ni ilé yìí, agboòrùn kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àní nínú ilé pàápàá — pe Bàbá àti Màmá sí kọ̀rọ̀. Ó ní Wideline kò lẹ́nìkan. Ọjọ́ tí ilẹ̀ mì ló gbé ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ. Màmá bú sẹ́kún. Bàbá ní: "Ọlọ́run kò mú wa wá síbí lásán."

A ó mú un lọ sílé! Kì í ṣe báyìí o — adájọ́ wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹnu kò. Màmá ti sọ ọ́ lórúkọ: Grâce. Láti ìgbà tí mo ti mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún àbúrò. Mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo jó.

Nígbà tó yá Màmá sọ ohun tí kì í sọ. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Port-au-Prince pé kó lọ ka ìwé. Omi ló pọn. Abẹ́ tábìlì ló sùn. Ó ní: "Ọmọ tó bá wọ ilé mi kò ní ní ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan níta. Tèmi ni yóò jẹ́, porogodo."

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Keje

N kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bá àwọn alágbàfọ̀ lọ sódò. Èmi ni mo fi dandan lé e. Mo fẹ́ gbọ́ èdè wa lẹ́nu àwọn tí kì í rọra sọ ọ́ nítorí àlejò. Rosemène ló ń fọ aṣọ wa: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì dàgbà púpọ̀, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ọgbà. Lódò, ẹlòmíràn ni. Ó ta ṣòkòtò Bàbá sókè fún àwọn yòókù rí: "Ẹ wo ìdí pásítọ̀! Ìdí tó jẹun yó nìyí!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ̀ mí nímú.

Ni Wideline bá sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan. Omi ti gbé èkejì lọ, bàtà funfun tí Màmá fún un. Rosemène fà á mú, ó fọ́ ọ nídìí. "Ojú ẹ dà? Ṣé ọ̀run lò ń wò ni? Bàtà tí ẹlòmíì ò rí wọ̀, o sọ ọ́ di ẹja! Olórí kunkun bíi bàbá ẹ!" Ọmọ náà ké: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Màmá, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́!"

Àwọn yòókù dáwọ́ aṣọ fífọ̀ dúró. Ẹni tó ń na ọmọ ọlọ́mọ a máa wẹ̀yìn wò. Òun kò wẹ̀yìn wò. Èmi ni wọ́n ń wò.

Rosemène fi mí jókòó sórí òkúta, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lọ gé ìrèké ní ìhà kejì ààlà, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sí oúnjẹ nílé. Agboòrùn gba ọmọ náà, ó sì gba òun náà síṣẹ́ aṣọ fífọ̀ kó lè máa fojú rí i. Òfin kan ló wà: bí àlejò bá wà nílé, kí ọmọ kankan má pe ẹnikẹ́ni ní màmá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lẹ́nìkan. Àwọn òbí a máa wá bí àlejò bá ti lọ. "Àwọn àlejò ò fẹ́ràn ọmọ tó ní ìyá, ọmọge."

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Má sọ o. Jẹ́ kó bá yín lọ. "Ẹ ó rán an nílé-ìwé, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ ó sì máa mú un wá kí mi tó bá dìgbà ìsinmi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ kì í gbàgbé ìyá rẹ̀ torí pé ó lọ gbé lọ́dọ̀ èèyàn. Òun náà ti gbé lọ́dọ̀ èèyàn rí. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn: bí a ti ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí tó rí jájẹ, tí yóò gbọ́n, tí yóò kàwé, tí yóò padà wálé wá kí ìyá rẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn ibí ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ àlàyé Bàbá. Bí adájọ́ bá ti lu òǹtẹ̀, kò ní sí ìyá mìíràn fún un lábẹ́ òfin ju Màmá lọ. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo la ẹnu pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aṣọ mi ló kọ́kọ́ fọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Keje

Ó ti lọ aṣọ náà, ó gún régé. N kò lè wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Keje

Mo sọ fún Màmá. A jọ ń bó máńgòrò lẹ́yìn ilé. Mo rò pé ọ̀bẹ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bọ́.

"Mo mọ̀."

Ó ní ọmọ náà kì í jẹ ẹran rẹ̀ tán. Á fi ìdajì sí àpò, á forí lé ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. "Ọmọ tí kò lẹ́nìkan, ta ni yóò máa gbé ẹran pamọ́ fún?" Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti mọ̀. Ó mọ̀ kó tó sunkún lójú Agboòrùn. Mo ní kí ló dé tó fi sunkún nígbà náà. Ó ní ẹkún òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ó ní: "Ìyá mi wà láàyè nígbà tí mò ń sùn lábẹ́ tábìlì. Kí ló rí ṣe sí i?" Ó ní kí n má sọ fún Bàbá, inú rẹ̀ kò gba irọ́.

Inú tiwa wá gbà á? N kò bi í. Ó na máńgòrò sí mi. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Keje

Wideline ní kí n kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń pe "àbúrò mi" ní Miami. Mo kọ́ ọ. Ó ń pè é kiri ọgbà.

Ọjọ́rú, 16 oṣù Keje

Mo sọ fún Rosemène. Nídìí okùn ìsáṣọ. Mo sáré sọ ọ́ kí n má bàa padà lẹ́yìn: pé kì í ṣe gbígbé lọ́dọ̀ èèyàn o, pé ó parí síbẹ̀ ni. Pé kò sí ìsinmi kankan. Pé orúkọ rẹ̀ yóò yí padà.

"Orúkọ wo?"

"Grâce."

Ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ní: "Ṣé o mọ èyí lọ́jọ́ odò?"

Mo ní mo mọ̀.

Ó sá ṣòkòtò Bàbá. Ó sá àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi. "Ó dáa." Kí ló dáa níbẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Keje

Ògiri ti gbẹ. Ó rẹwà. Mo kórìíra rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Keje

Kí n kọ ọ́ kí ojú tó tún tì mí.

Ìsìn ìdágbére. Bàbá fẹ́ mú Wideline wá síwájú Ọlọ́run bí wọ́n ti ń ṣe ní ìjọ ilẹ̀ yìí: pásítọ̀ á gbé ọmọ sókè, á béèrè pé, "Ta ló dúró fún ọmọ yìí?" Ìyá ló ń kọ́kọ́ dìde. Bí ìyá kò bá tíì dìde, kò sẹ́lòmíràn tó gbọdọ̀ dìde. Èrò Bàbá ni o. Kò mọ nǹkan kan. Màmá ti wọ aṣọ funfun.

Bàbá béèrè. Màmá ń gbá aṣọ rẹ̀ mú láti dìde. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó sí, Rosemène dìde.

"Èmi ni."

Agboòrùn ti yí padà. "Jókòó! Pásítọ̀, ẹ má dá a lóhùn o, orí obìnrin yìí ò pé mọ́ látọjọ́ tí ilẹ̀ ti mì." Àwọn alágbàfọ̀ yòókù tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀: ọmọ tiwọn náà jókòó níwájú níbẹ̀, ìlà kejì, ìlà kẹta.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi Wideline: "Ọmọ mi, ta nìyẹn?"

Ọmọ náà wo Agboòrùn. Ó wo Màmá. Ó dáhùn bí wọ́n ti kọ́ ọ: "Mi ò mọ̀ wọ́n, sà."

N kò rí ojú Rosemène. Èmi náà ti tẹjú mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo gbórí sókè, èmi ni Bàbá ń wò. Ẹsẹ̀ mi dìde kí n tó dìde.

"Ìyá ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ti mọ̀. Màmá náà mọ̀."

Bàbá pa Bíbélì dé. Kò sẹ́ni tó kọrin ìparí.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Keje

Agboòrùn ti lé Rosemène àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n wà lẹ́yìn géètì pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n fi aṣọ ibùsùn dì. Mo sáré lọ bá wọn. Kí n sọ òótọ́ fún ìwé yìí, bí n kò tilẹ̀ ní sọ ọ́ fún ẹlòmíràn: mo rò pé ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní: "Kí lò ń wò? Ká ní o sọ òótọ́ fún mi lódò, ǹ bá ti lọ bá màmá ẹ ní kọ̀rọ̀, àwa obìnrin méjì. À bá ti rí ọ̀rọ̀ dì mú. O jẹ́ kí n máa fi ayọ̀ fọ pátá ẹ, títí mo fi lọ dúró lójú gbogbo ayé kí ọmọ mi lè sọ pé òun ò mọ̀ mí."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Rosemène, ẹ má bínú.

"Ta ni Àǹtí ẹ? Dá mi lóhùn: níbo ni yóò ti jẹun lálẹ́ yìí?"

Bàbá náà jáde wá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n wọ ọkọ̀ wa. Ó ní rárá. Wideline kò wo èmi, kò wo ìyá rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà odò lọ. Ọmọ náà ń rìn lẹ́yìn, ó jìnnà sí i díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ lásán.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Keje

Miami. Bàbá ń sùn ní pálọ̀.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹjọ

Agboòrùn pè lónìí. Ohùn rẹ̀ ń dán bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó káàánú wa gidi, ó ní. Àwọn èèyàn burúkú ló pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í sunkún. Òun fúnra òun lè fi orí búra.

Màmá gbọ́ ọ títí. Kò sọ pé òun ò fẹ́. Ó na fóònù sí mi, ó sì yíjú sí fèrèsé. "Ìwọ béèrè. Bi í bóyá ó ní ìyá."

Mo bi í. Mo fi èdè wa bi í, kò sí iṣu lẹ́nu mi: "Màdáámù, ṣé ọmọ náà ní ìyá?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá sí ọmọ tó béèrè ohun tí kò gbọ́n.

"Ọmọ mi, ọmọ wo ni kò ní ìyá?"

Màmá yíjú padà. Ó ní kí ló wí. Mo dá fóònù náà padà fún un, mo ní kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀.