Ta Ló Yí Dìsìtíríbútọ̀ Ọkọ̀ Bàbá?

Bùrọ̀dá Abdulwasiu,

Ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Níṣojú yín lánàá ni mo fi dìsìtíríbútọ̀ tuntun, èyí tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì, sínú ọkọ̀ Pijó tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa. Mo tún táímìn rẹ̀ ṣe kí iná lè máa tàn lásìkò, mo fi ọ̀dà funfun sàmì síbi tó yẹ kó dúró, mo sì di nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Ẹ̀yin náà gbọ́ bó ṣe ń dún dáadáa.

Láàárọ̀ yìí, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, dìsìtíríbútọ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú àmì. Nọ́ọ̀tì kì í ṣàdédé tú ara rẹ̀.

Mo bi Màmá. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ àti Dàwódù mẹkáníìkì wà nídìí ọkọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbá." Dàwódù yìí kan náà ló ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ká ta ọkọ̀ fún òun.

Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò wojú mi nígbà tí ẹ ń jáde.

Mo ti dá a padà sójú àmì, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo wá yọ rótọ̀ inú rẹ̀ tó ń pín iná, mo mú un lọ síbi iṣẹ́ ní Aláúsá. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè gbé ọkọ̀ náà jáde.

Oúnjẹ yín wà nínú kúlà. Tí mo bá dé, ẹ sọ òótọ́ fún mi kí Màmá tó béèrè. Ara ti ń fu àwọn náà.

Uswat