Mọ́tò Pupa Ọmọ Orogún Mi

Kamaráàdì Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi tó ń ka lẹ́tà lórí rédíò, mo kí ọ láti ọ̀nà Alafiarou. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, n ò fẹ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Má dárúkọ mi.

Ọmọ orogún mi gbé mọ́tò pupa kan dé láti Abidjan, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje. Ara ta mi. Ní ìpàdé, délégué, olórí abúlé wa, bi mí pé, "Ìyá, níbo ló ti rówó?" Mo mọ̀ pé mọ́tò ló ń tún ṣe níbẹ̀, mo dákẹ́. Wọ́n ní ó jí i ni, wọ́n gba mọ́tò náà.

Ó ṣì ń kí mi láràárọ̀: "Ìyá àgbà, ẹ jíire bí?" N ò lè wojú rẹ̀ mọ́. Lọ́la, màá lọ sọ òótọ́ fún délégué.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń gbọ́ rédíò yìí: kó dá agbọ̀n èbù iṣu tó yá lọ́wọ́ mi padà.