Gìtá Tí Mo Lọ Rà fún Ọwọ́ Òsì Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àbíkẹ́yìn mi tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ojú ọ̀nà, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn gíga tí o ń gùn lójoojúmọ́ kí o tó dé yàrá rẹ. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ò tíì fi ariwo pa yín? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má gbàgbé láti sọ pé òun ló ní kí n kí ọ. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ á máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tó ṣe mí, kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ láé.

Tí o bá rí i pé ìwé yìí jó díẹ̀ lápá òsì, má bínú. Áyọ́ọ̀nù ni mo gbé lé e kó má baà máa sá kiri, nítorí ọwọ́ òsì mi ò lè di ìwé mú. Mo rò pé áyọ́ọ̀nù náà ti tutù ni. Lẹ́tà ni mo sì kọ torí pé tí n bá gbé fóònù, owó inú rẹ̀ máa ń tán kí n tó kí ọ dé ìdajì.

Ilé wà bó ṣe wà. Òrùlé yàrá tí o máa ń sùn ń jò, a gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, korobá náà ti wá ń jò. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi aṣọ bò ó. Ìyàwó oníbúrẹ́dì wá gba aṣọ rẹ̀ tí mo ti gé tí n kò tíì rán, ó ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ gbé e lọ bá télọ̀ kejì ni, àti pé ojú ń ti òun. Mo ní kó má jẹ́ kójú tì í. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká aṣọ náà pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó sì pẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó ń wo àjà títí mo fi ká a tán. Aṣọ tó dáa ni, ọmọ mi. Ká ní mo rán an ni, ì bá dùn ún wò.

O ṣáà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí àìsàn yẹn ti mú mi lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń gbọ́ tèmi. Ẹsẹ̀ ti padà, ẹnu ti padà, ìyá rẹ tiẹ̀ ní ẹnu ló kọ́kọ́ padà. Ọwọ́ òsì ló kọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bá mi na ọwọ́ ní ọsibítù sọ nígbà náà pé ohun tí kò bá padà láàárín oṣù mẹ́fà, ó ṣọ̀wọ́n kó tún padà, kí n yáa máa fi ìka tẹ nǹkan. Ìwọ lo wá ní kí n ra gìtá tí kò wọ́n, pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ okùn rẹ̀, ìka á sì máa jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló mọ ọ̀nà tí aṣọ ń gbà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Tí kò bá padà, télọ̀ ti tán nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, mo dà á kọ sẹ́yìn páálí òwú bó ṣe wà gẹ́lẹ́: Baba, te ba de soobu, e wo orun gita yen ko gun. E gbo ohun re. E te okun re, bi owo ba n dun yin e ma ra. Ọmọ mi, gbogbo ọdún tí a fi rán ọ nílé ìwé, kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Bóyá ńṣe ni fóònù ń gba owó lórí àmì, n kò mọ̀.

Mo kà á pé kí ọrùn gìtá náà gùn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù onígìtá, lókè ilé olóògùn, wọ́n fi ọrùn so gbogbo gìtá kọ́ sára ògiri, àánú wọn ṣe mí. Rọra ni gbogbo ayé ń pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́. Mo yọ téèpù, mo ní kó bá mi di orí rẹ̀ kan mú, mo wọn ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ta ni mo fẹ́ rán aṣọ fún nínú wọn. Mo ní ọmọ mi ló ní kó gùn. A rí èyí tó gùn jù, mo béèrè iye rẹ̀, owó rírán ogójì ṣòkòtò ni. Ó dùn mí dé eegun. Mo bá sọ fún un pé ọmọ mi ní bí owó bá ń dùn mí, kí n má rà á. Ó ní ọmọ gidi ni mo bí. Mo gba ilé lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ náà, ó ní ṣé ojú mi náà wà lára ohun tó kọ̀ ni. Ó ní kí ọrùn rẹ̀ gún ni ọmọ wí, pé kó má wọ́. Ó ní ọwọ́ ni, kì í ṣe owó. Mo ní ó dáa, ìparí rẹ̀ wá ńkọ́, ṣé ẹ má rà ni àbí ẹ máa rà? Torí tó bá jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ń dùn mí kí n máa rà ni, á jẹ́ pé ìrora yẹn gan-an ni oògùn. A fà á títí iná fi kú lábẹ́ ìkòkò. Ó pè ọ́, o ní o wà nínú ìpàdé, pé o máa pè padà. Kò burú, iṣẹ́ ni. Ìyá rẹ ló wá fòpin sí i, ó ní kò sọ́mọ tó máa ní kí bàbá òun lọ fowó ra ìrora.

Lọ́jọ́ kejì tí mo lọ, òun náà tẹ̀ lé mi. Rọra gbé mẹ́ta kalẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́ pupa, ó ń dán, òun ló pọ́kú jù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ṣíbí já bọ́ sínú agolo, okùn rẹ̀ sì jìnnà sí ọrùn rẹ̀ débi pé ìka ọmọdé lè gba àárín wọn kọjá. Mo tẹ̀ ẹ́, ó bù mí jẹ. Ìkejì ni ọlọ́rùn gígùn yẹn. Ohùn rẹ̀ kún, ó ń wọ inú àyà lọ. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ tóbi, apá mi ò yí i ká, okùn rẹ̀ jẹ́ irin. Ìkẹta kéré, ẹnìkan ti lò ó rí, ojú ibi tó ha wà níkùn rẹ̀, okùn ọ̀rá ló ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ọrùn rẹ̀. Mo dijú kan, mo wo ọrùn náà láti ìdí dé orí bí mo ṣe máa ń wo ojú ìrán ṣòkòtò. Ó gún. Ohùn rẹ̀ ò ga. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Rọra ní ká kẹ̀yìn sí òun, ó ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ká fi etí yàn. Èmi yan olóhùn kíkún, ìyá rẹ yan kékeré. Ó ní òun lòun máa jókòó gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kì í ṣe èmi tí màá máa bá ìka jà. Mo bá fi ọwọ́ òsì tẹ kékeré náà. Ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́, ohùn náà jáde gaara. Èyí tó tẹ̀ lé e tẹ̀ ẹ́, ó ń kùn bí eṣinṣin nínú ìgò. Àwọn méjì tó kù jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò wá. Ṣùgbọ́n kò dùn mí.

Rọra rí ọwọ́ mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun lè yí okùn rẹ̀ padà fún mi, kí n máa fi ọwọ́ ọ̀tún tó le tẹ̀ ẹ́, kí n kàn máa fi òsì gbọn okùn, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì màá máa kọrin. Ìyá rẹ wò mí. Ọmọ mi, ó wù mí díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe nǹkan tó dáa. Ṣùgbọ́n mo ní rárá o, ọwọ́ òsì ni mo wá ra gìtá fún, bí ọ̀tún bá gba iṣẹ́ náà ṣe, kí ni òsì á wá máa jí sí?

Owó rírán ṣòkòtò mọ́kànlá la san. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi, fọ́ọ̀mù náà ò ní àmì bíi tìrẹ, ó ní Odun melo ni e ti n ta gita? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò tà á rí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á ni. Rọra ní ọdún kan ni òun fi ṣe onídùúró, pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, kí n gbé e wá. Mo bi í bóyá ọwọ́ òsì mi náà wà nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò fi ṣe ẹ̀rín.

Oṣù méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù kó máa kọ́ mi, ó níwà, ṣùgbọ́n kì í dúró dè mí. Mo ní kó dákun kó ní sùúrù, ó ń sọ tiẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka tẹ ọkùnrin náà lójú tó fi máa ń dúró pẹ̀lú ẹnu yíyà, mo sì máa ń ní kó má bínú. Ìyá rẹ ní orin mi dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Síbẹ̀, bí mo bá pa á jẹ níjọ́ kan, á ní ṣé gìtá náà ti sùn ni.

Lọ́jọ́ tí oṣù kẹfà pé, mo gbé ọwọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó wọ̀n ọ́n, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ ọ́ sínú káàdì mi pé kò sí àyípadà. Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ìròyìn ayọ̀ ni, torí gbogbo nǹkan tó kù nílé wa ló ń yí padà. Kò wò mí lójú. Ó ní kí n máa ta gìtá mi lọ, pé kì í ṣe fún ọwọ́ nìkan. Mo dé àtẹ̀gùn ìta kí n tó mọ ohun tó sọ fún mi.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ. Mo ní kí n rán àpò fún gìtá náà, aṣọ kàkí tó ṣẹ́kù ni mo lò. Ojú ìrán náà lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì, ó lọ síbi tó wù ú. Mo ká a, mo fi sábẹ́ àga. Ọmọ mi, nígbà tí mo tún yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ojú ìrán náà ti gún. Wọ́n ti tú u, wọ́n sì ti fi ọwọ́ rán an padà, wínníwínní, ìyá rẹ nìkan ló máa ń rán nǹkan báyẹn. Mo gbé e lọ bá a nídìí ààrò, mo ní wò ó, àpò tí mo rán. Ó ní ó dáa, mo mọ iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní o ṣeun.

Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi fúnra mi ni mo lọ pè é, kì í ṣe ìyá rẹ, má bá a jà. Má sì fi owó ránṣẹ́ pé kí n má tà á, mo mọ̀ ọ́. Èyí tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ ni owó páànù méjì fún òrùlé, owó okùn kẹta gìtá torí ó ti ń tú, àti owó awò ojú tuntun fún ìyá rẹ, òwú ló fi so ẹsẹ̀ kan rẹ̀. Bí kò bá tó, fi ti òrùlé sílẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lóde, á ṣọ́ ọ nílé. Oúnjẹ rẹ á máa dùn mọ́ ọ lẹ́nu. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ, ọwọ́ òsì rẹ, kí méjèèjì máa gbọ́ tìrẹ títí wàá fi darúgbó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.